Ọkà bàbà kì í ṣe ọkà báálì: ìdáhùn fún ẹni tí ọtí rẹ̀ kọ̀ láti dùn ní Ṣábẹ

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo wà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà nílé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n po ìyẹ̀fun ọkà tí mo ti mú hù mọ́ omi tó gbóná dé digirí 66, kí n dé e fún wákàtí kan, pé yóò dùn. Ọkà bàbà ni mo lò. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta: kò dùn rárá, bí ògì ló ń ṣe. Mo da ṣúgà sí i kí ìwúkàrà lè rí nǹkan jẹ. Lọ́jọ́ kejì ó ti kan. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, ìgò méjì sì bẹ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyá ọkọ mi ń pọn ṣùkùtù, ọtí ọkà bàbà ìbílẹ̀, tà lọ́jà, wọ́n ní ọwọ́ mi kò bá iṣẹ́ náà mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáwọ́, pé irú ọtí bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ni lójú. Níbo ni àṣìṣe mi wà?”

Ẹ kú ìfaradà. Kí n tó dé orí ọkà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ìgò tó kù ní kọ̀rọ̀ yàrá yẹn, nítorí wọn kò lè dúró dè wá. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé wọn. Ẹ rẹ aṣọ nínípọn sínú omi tútù, ẹ dà á bò wọ́n, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Bí ó bá di ìdájí, tí ara ìgò tutù jù lọ, ẹ fi aṣọ náà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ojú yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì tú ìdérí díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa sá jáde. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin, ẹ fi ìṣígò gbé etí rẹ̀ kan sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí dáadáa kí ẹ tó ṣí i tán. Ẹ má wá bí ẹ óò ṣe gba ọtí inú wọn là. Ẹ dà á nù.

Ọ̀rọ̀ ojú fífọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti da ohun méjì pọ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, ló ń fọ́ni lójú, inú ọtí líle ayédèrú ni wọ́n sì ti sábà máa ń bá a pàdé: sódàbì tàbí ògógóró tí oníṣòwò kan ti bu kẹ́míkà ilé iṣẹ́ mọ́ kó lè pọ̀. Ọtí ọkà tí a kàn pọn, tí a kò gbé kaná gba oru rẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ̀nba mẹ́tánọ́ọ̀lù tó lè wà nínú rẹ̀ kéré dé ibi pé kò lè pa ojú ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù nínú iṣẹ́ yìí wà, mo sì máa sọ ọ́ níbi tó bá ti yẹ: ọkà tó ti bu, èéhù ọkà bàbà, àti ìgò tí ẹ tètè dé.

Ó wá ku adùn tí kò jáde. Àwọn tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kò tàn yín. Ọkà báálì ni wọ́n ń lò, ìlànà báálì ni wọ́n sì kọ́ yín. Ohun funfun tó wà nínú gbogbo ọkà, tó ń mú kí ògì dì, ni à ń pè ní sítáàṣì. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà tí a sín sórí okùn gígùn. Ìwúkàrà kò lè gbé odidi okùn náà mì; ìlẹ̀kẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta ni ẹnu rẹ̀ gbà. Nígbà tí ọkà bá ń hù, ó máa ń ṣe àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ni ọ̀bẹ tí yóò fi gé okùn náà fún ara rẹ̀ jẹ. Méjì nínú wọn ló kàn wá. Ọ̀kan ń gé okùn láàárín níbikíbi tó bá bà lé. Èkejì ń já ìlẹ̀kẹ̀ méjì méjì láti ẹnu okùn, òun ló sì ń mú adùn wá jù. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ sítáàṣì tútù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jiná, kó wú, kó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ògì ti ń yí padà lójijì nínú omi híhó.

Sítáàṣì báálì ti máa ń jiná kí ooru tó kọjá digirí 65. Ti ọkà bàbà ń dúró di nǹkan bíi 68 sí 77, ti àgbàdo náà kò sì jìnnà sí i. Ọ̀bẹ kejì tó ń mú adùn wá kò sì fara da ooru: bó bá ti kọjá 65, kì í pẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ ni ọkà bàbà kò ní in tó ti báálì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rí ibi tí ẹ há sí. Ní digirí 66, ọ̀bẹ ti ń kú, ẹran tí yóò gé, ìyẹn sítáàṣì, kò sì tíì jiná. Ìdí nìyí tó fi dà bí ògì tí a gbé kúrò lórí iná láìtọ́jọ́. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni irú rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì híhù wọlé, tí àwọn ilé iṣẹ́ bíà ibẹ̀ ní láti yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ìṣòro yìí kan náà ni wọ́n bá pàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti máa ra ẹ́ńsáìmù lọ́tọ̀ kí ọkà tó lè dùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, inú ilé yín ló sì wà. Ẹ lọ jókòó ti ìyá ọkọ yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń pọntí, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìkòkò tó gorí iná. Wọn óò po ìyẹ̀fun mọ́ omi, wọn óò fún omi yíyọ̀ ara igi ilá tàbí èso ilá sí i, wọn óò sì fi sílẹ̀. Ìyẹ̀fun yóò rì, omi yóò tòrò lókè. Wọn óò wá rọra bu omi òkè yẹn sọ́tọ̀, wọn kò ní sè é. Èyí tó rì ni wọn óò gbé kaná títí yóò fi jiná bí ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà ni wọn óò tún da méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńsáìmù máa ń yòrò sínú omi, sítáàṣì kì í yòrò. Inú omi òkè ni gbogbo ọ̀bẹ wà. Ìyá ọkọ yín kó ọ̀bẹ kúrò lójú iná, wọ́n se ẹran jiná, wọ́n sì dá ọ̀bẹ padà sí i. Mo ka ọgbọ́n yìí kún púpọ̀. Kò sí tẹmọ́mítà nínú rẹ̀, ó sì bá ohun tí a mọ̀ nípa ẹ́ńsáìmù lónìí mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ṣùgbọ́n bí ọkà kò bá hù dáadáa, ọ̀nà kankan kò lè gbà á. Ẹ ka ọkà 100, ẹ rẹ wọ́n, kí ẹ fi wọ́n sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta: bí èyí tó hù kò bá tó 90, ẹ wá òmíràn. Ọkà tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pò fún gbíngbìn, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò yín láé. Fún kílò 5, ẹ ṣa òkúta àti ọkà tó ti bu kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 12 sí 16, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ jọ omi rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò tútù tí ẹ ti fọ̀ mọ́, kí ó má nípọn ju ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀ lọ. Ẹ da àpò mìíràn bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ sì máa yí i padà kí ooru má bàa gbé e. Ọjọ́ mẹ́ta sábà máa ń tó. Bí èéhù bá ti gùn tó ọkà fúnra rẹ̀ tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi máa ró lẹ́nu bí ẹ bá gé e jẹ.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Gbòǹgbò àti èéhù ọkà bàbà máa ń ní èròjà kan tó lè yí padà di sáyánáìdì, oró tó léwu. Kò sí nínú ti àgbàdo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sá ọkà gbẹ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, kí ẹ fẹ́ gbogbo gbòǹgbò àti èéhù náà dànù, kí ẹ má sì fi wọ́n fún adìyẹ tàbí ewúrẹ́. Sísè náà tún ń lé èyí tó bá kù lọ pẹ̀lú oru, nítorí náà ẹ má dé ìkòkò pa nígbà tó bá ń hó. Ti ọkà tó ti bu yàtọ̀: oró tí èébu máa ń fi sílẹ̀ kì í bá iná lọ. Ẹ kò lè sè é kúrò, ẹ kò lè fi ọtí pa á. Bí ẹ bá rí èébu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú nígbà tí ọkà ń hù, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, bó ti wù kó dun yín tó.

Ẹ lọ ọkà náà, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun àmàlà. Ọkà bàbà kò ní háhá bí i báálì, háhá yẹn sì ni àwọn òyìnbó fi ń sẹ́ ọtí tiwọn. Ìdí nìyí tí asẹ́ yín fi lè dí bí ọkà bá kúnná jù. Ẹ po kílò 5 yìí mọ́ lítà 15 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, nǹkan bíi digirí 40, tí ọwọ́ lè wà nínú rẹ̀ pẹ́. Ẹ fún omi ilá sí i, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹ bu lítà 6 tàbí 7 lókè sọ́tọ̀, kí ẹ dé e. Ẹ da lítà 5 omi gbígbóná sí èyí tó kù, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó kó má jóná nídìí, kó sì hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ má kánjú. Bí ẹ bá da omi ọ̀bẹ sórí ẹ̀kọ híhó, ẹ ti pa gbogbo ọ̀bẹ nìyẹn. Ẹ dúró kí ó tutù sí nǹkan bíi 75, kí ẹ wá máa da omi òkè náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí yóò fi dúró láàárín 60 sí 65. Ẹ fi kúbùsù wé ìkòkò náà fún wákàtí méjì. Ẹ óò rí i tí ó yí padà lójú yín: ẹ̀kọ tó ki tí igi tí ẹ fi ń rò ó lè dúró nínú rẹ̀ yóò rọ̀ di omi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn rẹ̀ á di ti àkàrà tó ń jó fẹ́ẹ́rẹ́, ahọ́n yín á sì mọ̀ pé ó ti dùn. Bí ẹ kò bá fọkàn tán tẹmọ́mítà yín, ẹ po ìdajì omi híhó mọ́ ìdajì omi àmù tó wà ní digirí 30: àpapọ̀ wọn yóò sún mọ́ 65, ẹ sì lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bétadine, oògùn ojú egbò tó ní áyódíìnì, tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, yóò sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ kán omi ọtí náà díẹ̀ sórí àwo funfun, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ kán Bétadine kan lé e. Bó bá di dúdú aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún dé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ Bétadine kò bá yí padà, ọ̀bẹ ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹ fọ àwo náà, ẹ má dà á padà sínú ìkòkò. Kí ẹ wá sẹ́ ẹ bí ẹ ti ń sẹ́ ògì.

Kíkan tó kan, ẹ ní láti fi imú yà á sọ́tọ̀. Oríṣi méjì ni. Bí òórùn rẹ̀ bá jọ omi ògì, àwọn kòkòrò àìrí tó ń mú ògì kan náà ni. Àwọn oníṣùkùtù mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí wọ́n wọlé: wọ́n á fi omi dídùn náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sè é, torí pé kíkan wà lára ohun tí àwọn oníbàárà wọn ń rà. Ọtí yẹn kò burú, kì í kàn ṣe irú èyí tí ẹ ń wá ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta yín nímú bí ọtí kíkan tí wọ́n ń dà sórí sàláàdì, afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti di ọtí, kò sì sí àtúnṣe fún un. Fún bíà tó lè pẹ́ díẹ̀, ẹ gbé omi dídùn náà kaná lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, kó hó fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìkòkò sínú ọpọ́n omi, ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó tètè tutù. Ohunkóhun tó bá fara kan ọtí lẹ́yìn sísè gbọ́dọ̀ mọ́: ṣíbí kan Javel (omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, bleach) sínú lítà 4 omi, ẹ rẹ nǹkan sínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fi omi tí ẹ ti sè ṣan án. Ẹ má da Javel pọ̀ mọ́ ọtí kíkan láé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú wọn ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ kò sọ irú ìwúkàrà tí ẹ lò. Bó bá jẹ́ kpètè-kpètè, ìdí ọtí àná tí àwọn oníṣùkùtù ń fi pamọ́, ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, kòkòrò ògì náà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi í ṣe ọtí tí kò kan. Ìwúkàrà gbígbẹ ti àwọn aṣebúrẹ́dì mọ́ jù ú lọ, ṣíbí kékeré kan sì tó fún lítà 10. Àwọn òyìnbó ní kí ẹ fi ọtí sí digirí 18 sí 22. Ní Ṣábẹ? Ẹ kò lè rí i láìsí ẹ̀rọ. Bó bá gbóná ju 30 lọ, ọ̀pọ̀ ìwúkàrà máa ń kánjú, ọtí á sì máa jó ọ̀fun. Ẹ gbé bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ọtí náà, sínú ọpọ́n omi, ẹ fi aṣọ tútù wé e kí etí aṣọ wà nínú omi náà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Lákòókò òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Irú ìwúkàrà kan wà láti ilẹ̀ Nọ́wè tí wọ́n ń pè ní kveik, tó ń gbádùn digirí 30 sí 38. Bí ẹ bá ní ẹni tó ń ti Yúróòpù bọ̀, òun ni kí ẹ ní kó rà bọ̀ fún yín, kì í ṣe báálì. Ẹ so rọ́bà kékeré mọ́ ìdérí bídọ́ọ̀nù, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ìgò omi: afẹ́fẹ́ á máa jáde, kò ní lè wọlé.

Ìgò bẹ́ nítorí pé iṣẹ́ kò tíì tán nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ dé e. Ṣùkùtù jẹ́ ọtí tí a ń mu nígbà tó ṣì ń hó, kò sí ẹni tó ń dé e pa. Ìwúkàrà máa ń sọ nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ṣúgà tó bá jẹ di gáàsì. Ọtí tó ti parí nílò gíráàmù 6 ṣúgà péré fún lítà kan kó tó lè hó dáadáa nínú ìgò. Bí ẹ bá ní densimètre, gíláàsì gígùn tó ń léfòó nínú ọtí, tí ẹ sì dé ìgò ní 1,020 nígbà tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ dé 1,010, nǹkan bíi gíráàmù 25 ló ṣì kù láti jẹ nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìgò nílò nìyẹn, ṣúgà tí ẹ dà sí i sì ń bẹ lórí rẹ̀. Ẹ má wo iye ọjọ́. Ẹ wọ̀n ọ́ lónìí, ẹ wọ̀n ọ́ lọ́túnla. Bí kò bá yí padà, ó ti parí. Fún ìgbà díẹ̀ yìí, ìgò ọlọ́ràá ti ohun mímu tó ní gáàsì ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti omi lásán tó fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ó le bí òkúta, ẹ gbé e sínú fìríìjì kí ẹ sì mu ún.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, kí ni ẹ óò rí? N kò ní tàn yín, kò ní jọ bíà inú ìgò ilé iṣẹ́. Yóò dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, yóò pọ́n díẹ̀, ìfófó rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ife, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú fìríìjì ni mo lè fọkàn tán an dé. Òdòdó hop tó ń mú bíà korò kì í hù lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ti dán ewúro àti orógbó wò dípò rẹ̀, ewúro sì ń fún un ní ìkorò tó dára: ewé márùn-ún tí ẹ fọ̀ mọ́ fún lítà 10, ní ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn lórí iná, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi kún un. Òórùn hop kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè ra báálì wá láti òkè òkun tí ó bá wù yín, ìlànà tí ẹ kọ́ yóò sì bá a mu pátápátá, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ nìkan yóò ju owó ọkà bàbà ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Bí èmi bá wà ní ipò yín, kílò 1 péré ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ sókè, ní ọjọ́ kan náà tí ìyá ọkọ yín bá ń pọn tiwọn, kí ẹ lè máa tọ́ ti ẹ̀yin àti ti wọn wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Láti ibí yìí, n kò lè fi ojú rí ọkà yín. Bí ẹ bá ti da omi òkè padà sí ẹ̀kọ bí mo ti wí, tí Bétadine ṣì di dúdú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi mú ọkà hù ránṣẹ́ sí mi, bí èéhù rẹ̀ ti gùn tó, àti bóyá oòrùn ni ẹ fi gbẹ ẹ́ tàbí iná.